Fìlà tí a kò ṣí: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn ń dùn ní Iléṣà

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kìíní ni wọ́n mú un wá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó fi òsì gbára lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì dé fìlà aṣọ òkè bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó. Ẹni ọdún 54 ni. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Àtakúnmọ́sà. Aṣọ náà ni bàbá rẹ̀ tà títí ó fi kú. Mo ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà máa nàka sí ilé wọn, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbà kí n kọ ọ́.

Èmi kì í ṣe dókítà. Físíò ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara. Yàrá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́: bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀pá ìrìn mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń pariwo ju aláìsàn lọ. Dókítà ni gbogbo èèyàn ń pè mí ṣá. Mo ti tún un ṣe títí, ó ti sú mi.

"Ẹ̀yìn ni o, Dókítà. Ẹ̀yìn yìí fẹ́ẹ́ pa mí."

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ti kọ́kọ́ mú un, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ sí itan méjèèjì, ó ń ta á bí iná. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, nítorí ní ilẹ̀ wa, bí ẹ̀yìn bá ti ń dun ọkùnrin tó ti lé ní 40, jẹ̀díjẹ̀dí ni a ó kọ́kọ́ dájọ́ fún. Ó ti ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, àwọn kan sì ti fi òrí wọ́ ẹ̀yìn fún un. Dókítà ilé ìwòsàn aládàáni kan ya X-ray, ó ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń gbó díẹ̀, ó kọ ìwé pé kí ó wá bá mi. Mo gbé àwòrán náà sójú iná, mo rí ohun tí dókítà rí. Ṣùgbọ́n bí irun ṣe ń hewú ni egungun ẹ̀yìn náà ń hewú. Bí ẹ bá ya X-ray ẹni ọdún 54 mẹ́wàá tí nǹkan kan kò ṣe, ẹ ó rí i lára púpọ̀ nínú wọn.

Èyí ni ibi tí àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ fò ó. Ìbéèrè kan wà lórí ìwé tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn: ǹjẹ́ wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí? Bí mo ṣe bi bàbá yìí kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn yín rí?" Ó ní rárá. Òótọ́ ni ó sọ.

Mo tún kọ gbólóhùn mìíràn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ni, kò sí ẹni tó pè é fún mi: "Ìrora ń le lóru. Orí àga ni ó ń sùn." Mo kọ ọ́, mo ṣí ìwé kọjá. Ẹ̀yìn tí ẹrù gbígbé bá dá lóró, bí olúwa rẹ̀ bá ti dùbúlẹ̀, ara a tù ú. Èyí tí kò bá jẹ́ kí èèyàn dùbúlẹ̀, tó ń lé e dìde lórí ibùsùn ní aago méjì òru, ìyẹn kì í sábà ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù. Wọ́n kọ́ mi ní èyí ní yunifásítì, èmi náà sì ti kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Mo gbé ohun gbígbóná lé e, mo na ẹ̀yìn náà, mo fún un ní eré ìdárayá tí yóò máa ṣe nílé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ara tu òun díẹ̀, ó sì sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀ pé àwọn oníṣòwò aṣọ wa àtijọ́ a máa tà ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní Òṣómàáló. Ó ní bàbá òun lè lóṣòó láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, láìgbára lé ohunkóhun. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba owó nígbà náà, Dókítà."

Ìtàn yẹn ni ó mú mi dán an wò. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ kẹsàn-án sí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní, "Bàbá, ẹ lóṣòó kí n wò ó, kí ẹ sì dìde." Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀. Dídìde ni kò ṣeé ṣe. Orúnkún òsì yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sáré gbá a mú lábẹ́ apá. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣubú, ibi tó dùn ún ni ó máa ń dì mú. Orí ni bàbá yìí fi ọwọ́ bò.

Ọwọ́ kan kò lè bò ó tán. Àpá kan bẹ̀rẹ̀ ní iwájú etí ọ̀tún, ó gòkè, ó rọ́ kọjá lókè etí bí pátákò ẹṣin, ó sì sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn. Irun kò hù lójú rẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ ń dán, ẹ̀gbẹ́ agbárí níbẹ̀ sì jìn díẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n tún dí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ti dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, fìlà lórí. Mo ti bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, mo ti fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo egungun ẹ̀yìn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, n kò bi í léèrè fìlà rí. Ọyẹ́ ń mú lóòótọ́. Ìwà ọmọlúwàbí náà sì tún ni: ta ni ń ṣí fìlà lórí àgbàlagbà?

"Bàbá, kí lèyí?"

Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn ti kọjá, Dókítà. Olúwa ti wò ó sàn. A ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí, ó sì ṣubú sáàárín ìgàn aṣọ. Àwọn ará ọjà pè é ní wárápá, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó tún mú un lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Síkáànì tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ fi kókó kan hàn ní apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀, tó tó àgbálùmọ̀ kékeré. Ìbàdàn ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti 1962 tí Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwé, tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti dé sílé. Wọ́n gé èyí tó ṣeé gé. Àyẹ̀wò ní glioblastoma ni, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan, ìpele kẹrin, èyí tí kò sí ìpele mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n fún un ní ìtànṣán ní ìgbà 30 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú kápúsù temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ kan, lójoojúmọ́. Ìlànà tó wà níta nìyẹn láti 2005, nígbà tí ìwádìí kan tí èèyàn 573 kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán àti kápúsù pọ̀ lo ju oṣù 14.6 lọ láyé, nígbà tí ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan jẹ́ oṣù 12.1. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: oṣù méjì àti ààbọ̀. Èèyàn lè fi ojú kékeré wò ó bí kò bá jẹ́ ilé tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún kejì, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tó gba méjèèjì ju 26 nínú 100 lọ. Nínú àwọn tó kù, bíi 10 ni.

Lẹ́yìn ìtànṣán, ó yẹ kí ó máa lo kápúsù ọ̀hún fún ọjọ́ márùn-ún lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà. Ó lo ti oṣù mẹ́ta. Ilẹ̀ tó rà sí ọ̀nà Òṣú ni wọ́n tà fún oṣù mẹ́ta yẹn, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn. Gìrì kò mú un mọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó tún ń wọn aṣọ. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Mo bi í, nígbà tó ṣe, ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni ti òwò: àwọn tó ń kó ẹrù fún un láti Èkó ń kó o ní àwìn, ta ni yóò kó ẹrù àwìn fún ẹni tí wọ́n la orí rẹ̀? Mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú èdè wa, ẹni tí nǹkan kò bá gún fún, a ní orí rẹ̀ kò dára. Orí ni a ń bẹ, orí ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó níwájú àjèjì tó ní "orí ni àrùn mi wà," kì í ṣe àìsàn nìkan ni ó ń jẹ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ̀sùn kan àyànmọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kò ní ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn a máa dun gbogbo èèyàn.

Mo tún un yẹ̀ wò

Mo gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé n kò rí i rí. Mo fi òòlù rọ́bà kan ìsàlẹ̀ orúnkún òsì: kò ta. Mo tún un kàn, kò ta. Ti ọ̀tún ta díẹ̀. Gìgísẹ̀ méjèèjì kò dáhùn rárá. Nígbà tí mo wá fi ìdí kọ́kọ́rọ́ fa àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún láti gìgísẹ̀ lọ síwájú, ọmọ-ìka ńlá yí sókè dípò kí ó tẹ̀ sísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Gìgísẹ̀ tí kò dáhùn ń tọ́ka sí àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìka tó yí sókè ń tọ́ka sí mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, lókè. A kò sì lè sọ pé ọpọlọ ni ó ń yí ìka náà, nítorí apá ọ̀tún ọpọlọ ni kókó wà, apá òsì ara ni ìyẹn ń darí. Dísìkì, ìyẹn ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn, tó bá yẹ̀ ní ojú kan kò lè ṣe méjèèjì. Ohunkóhun tó ń ṣe bàbá yìí, ibi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Mo fi òwú kan itan rẹ̀ lápá inú, mo fi kan ibi tí èèyàn fi ń jókòó. Ó ṣì ń dúró kí n bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ìtọ̀ ńkọ́?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ni ó dáhùn: láti àná òwúrọ̀, ó kàn ń kán ni. Wọ́n rò pé nítorí kò mu omi púpọ̀ ni. Mo fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó le, ó yọ sókè bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdodo, kò sì dùn ún. Àìdùn yẹn ni ó bà mí lẹ́rù jù. Àpò ìtọ̀ tó kún tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó mú ọkùnrin pariwo.

N kò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kọ lẹ́tà. Ìlà mẹ́rin péré ni: kókó ọpọlọ ìpele kẹrin, iṣẹ́ abẹ oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú lọ, ìtọ̀ ti dí. Mo fi lẹ́tà náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, mo pe dókítà kan tí mo mọ̀ pé yóò gbé fóònù, mo ní kí wọ́n má sùn sí Iléṣà.

Bí ohun tó wà lórí ṣe ń dé ẹ̀yìn

Ìyàwó rẹ̀ bi mí lẹ́nu ọ̀nà bí ọkọ̀ ṣe ń dúró dè wọ́n: "Orí ni wọ́n ṣe. Kí ló wá kan ẹ̀yìn?" Mo sọ ọ́ fún un kíá nítorí àkókò kò sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa níhìn-ín.

Ọpọlọ kò gbẹ nínú agbárí, inú omi ni ó wà, omi tó mọ́ gaara. Inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni omi náà ti ń sun, nínú àwọn ihò tó wà láàárín rẹ̀, nǹkan bíi mílílítà 500 lójúmọ́. Èyí tó wà lára àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí 150 lọ, kò kún ife tíì kan. Nítorí náà, ó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, tuntun ń dé, ti àtijọ́ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Omi kan náà yìí ni ó ṣàn sọ̀kalẹ̀ yí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ká títí dé ìdí. Kò sí ìlẹ̀kùn láàárín orí àti ìdí.

Glioblastoma kì í sábà kúrò nínú ọpọlọ lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, bí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ìfun ti máa ń ṣe. Inú ilé ni ó ti ń jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé etí ihò omi, tàbí ojú òde ọpọlọ níbi tí omi ti ń fọ̀ ọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè já bọ́ sínú omi. Omi a gbé wọn. Èyí tó bá rí ibi lẹ̀ mọ́, a lẹ̀ mọ́ ọn, a sì máa dàgbà níbẹ̀. Nítorí pé ohun tó bá já bọ́ nínú omi, ìsàlẹ̀ ni ó ń forí lé, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń jókòó sí.

Mùdùnmúdùn ẹ̀yìn kò sì dé ìsàlẹ̀ tán. Ó parí ní egungun ìbàdí àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, díẹ̀ lókè ibi tí a ń so ìgbànú mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, iṣan lásán ni, ó tú yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ nínú omi. Ìrù ẹṣin ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i ní kíláàsì ẹ̀yà ara, ìrùkẹ̀rẹ̀ Ọwá ni ó wá sí mi lọ́kàn, n kò sì tíì rí àpèjúwe tó dára ju ìyẹn lọ. Àwọn iṣan ìrùkẹ̀rẹ̀ yìí ni ó ń mọ ìgbà tí ìtọ̀ kún, àwọn ni ó ń mọ ibi tí a jókòó lé, àwọn ni ó ń gbé ẹni tó lóṣòó dìde. Bí kókó bá ti hù sáàárín wọn, gbogbo ohun tí mo rí lára bàbá yẹn ni yóò tẹ̀lé e.

Kì í ṣe gbogbo kókó ọpọlọ ni ó ń rin ìrìn yìí bákan náà. Nínú àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n ń pè ní medulloblastoma, tó ń hù ní ìpàkọ́, fẹ́ràn omi yìí gan-an. Nínú ọmọ mẹ́ta tó bá ní in, a máa tó ẹnì kan tí ó ti tàn kálẹ̀ nínú omi náà lára rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán gbogbo ẹ̀yìn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń fún orí àti ẹ̀yìn ní ìtànṣán pọ̀, àfi bí ọmọ bá kéré jù. Ti àgbàlagbà tó ní glioblastoma kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń fara hàn lẹ́yìn kò wọ́pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń yẹ òkú wò ti rí i pé ó ń dé ẹ̀yìn ju bí aláìsàn ṣe ń kérora rẹ̀ lọ. Nítorí náà, wọn kì í ya ẹ̀yìn àgbàlagbà àyàfi bí ẹ̀yìn bá sọ̀rọ̀. N kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀yìn kò tíì sọ̀rọ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti sọ̀rọ̀.

Àwòrán

Ìbàdàn ni wọ́n padà sí. Wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, ó lé ní lítà kan. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dexamethasone kí wíwú tó yí iṣan ká lè fà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán gbogbo ẹ̀yìn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ tàn funfun.

Ìyàwó rẹ̀ mú díìsìkì àwòrán náà wá fún mi nígbà tí wọ́n dé, ó ní òun fẹ́ rí ohun tí wọ́n rí. A jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà mi. Mùdùnmúdùn náà wà láàárín, àwọ̀ eérú, ó gùn bí okùn. Láti àárín èjìká méjèèjì lọ sísàlẹ̀, nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí òrí tí wọ́n fi pa ara ọmọ tuntun. Ní ìsàlẹ̀, níbi ìrùkẹ̀rẹ̀, ó ti di kókó kéékèèké, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Obìnrin náà fi ìka kà wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ó ka méje, ó dákẹ́.

Wọ́n ya orí náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé orí dákẹ́. Ibi tí wọ́n ti gé kókó kò fi ohun tuntun kan hàn. Ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ti orí, kò tíì di irọ́.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Ó ní ìtànṣán lè dín ìrora kù, kò lè lé e lọ, àti pé oṣù ni kí wọ́n máa kà, kì í ṣe ọdún. Wọ́n fún un ní ìtànṣán lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìrora náà rọlẹ̀ lóòótọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tuntun, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹsẹ̀ kò padà. Ti ọ̀tún ń ti nǹkan díẹ̀, ti òsì ti lọ. Rọ́bà ìtọ̀ ni ó gbé wálé.

Ilé

Ní òpin oṣù Kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn nílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ mi ti yí padà. N kò wá ẹsẹ̀ mọ́, àwọ̀ ni mò ń ṣọ́. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lára kò ní mọ̀ pé ó ti pẹ́ lójú kan, egbò a sì gbẹ́ ibẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wákàtí méjì-méjì ni kí wọ́n máa yí i, tọ̀sán-tòru. Ìyàwó rẹ̀ kò lè gbé e, ó sì ń fà á lórí bẹ́ẹ̀dì, fífà yẹn gan-an sì ni ó ń bó àwọ̀. Mo ní a nílò aṣọ kan tó nípọn, tó gùn, tí a ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan, kí èèyàn méjì lè di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kí wọ́n gbé e yí.

Bàbá rẹ́rìn-ín láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Aṣọ lẹ ń wá nínú ilé yìí?"

Ó ní kí wọ́n ṣí àpótí tó wà lábẹ́ wíńdò. Kíjìpá kan wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀, aláró dúdú, ó wúwo bí ẹni pé ó lómi. Kò tíì tà á nítorí kò sí ẹni tó ń ra irú rẹ̀ mọ́. Òun náà ni ó fi ọwọ́ wọn ún, láti ìgúnpá dé ìka, bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ lọ́jà, ó ní yóò tó. A tẹ́ ẹ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró lápá kan, ìyàwó dúró lápá kejì, wọ́n gbé e yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì fi ara gbo ibìkan. Títí ó fi kú, kò ní egbò. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún un, èyí nìkan ni mo lè sọ láìyọ nǹkan kúrò pé ó ṣe é lóore.

Mọ́fíìnì olómi ni wọ́n fún un fún ìrora tó kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní oògùn àwọn tó ń mu igbó ni. Nọ́ọ̀sì tó ń wá rí wọn bá a sọ̀rọ̀, ó gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, oorun sì pọ̀. Ó kú ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn tí fìlà bọ́ lórí rẹ̀.

Mo ti tún ìwé mi ṣe. Ìbéèrè náà kò sọ ẹ̀yìn mọ́. "Láti orí dé ẹsẹ̀" ni ó wà níbẹ̀, mo sì ń fi ẹnu ara mi kà á bó ṣe wà.

Ní oṣù Kẹfà, ìyàwó rẹ̀ wá dá ọ̀pá ìrìn tí mo yá wọn padà. Kò jókòó. Ó bi mí ní ohun tí mo ti ń retí pé yóò bi mí: bí mo bá ti ṣí fìlà lọ́jọ́ kìíní ńkọ́?

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní n kò rò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn lè fi kún ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn nígbà tí ìtànṣán bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń rìn fún ìgbà díẹ̀ sí i, àti pé lọ́jọ́ kìíní, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ó ṣeé ṣe kí ó ti rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó ro ó. "Ì bá ti fi wọ́n gba owó," ni ó wí. "Owó ẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹ̀."

Ó yọ ìwé gbèsè láti inú báàgì, ìwé onílà kan tí etí rẹ̀ ti ká, orúkọ àwọn èèyàn àti iye aṣọ tí wọ́n gbé, òmíràn ti lé lọ́dún méjì. Ìṣọ́kùn ni ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ gbèsè léèsì ìgàn méjì. Mo ní bí obìnrin náà kò bá sí nílé ńkọ́?

Ó ní òun mú àpótí ìjókòó kékeré dání, àmọ́ bó bá di dandan, òun náà mọ̀ ọ́n lóṣòó.